Màlúù Ìyá Mi, Kànga Bàbá Rẹ̀

Ọdún karùn-ún tí Ditiro ti kó lọ bá obìnrin kan ní Palapye ló tó rántí pé òun fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná! Ọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ kan kò sí nílé mi mọ́, tí mo ti gbàgbé bó ṣe ń húkọ́, ló wá rán ìwé kóòtù sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀. Gàá ni ìwé náà bá mi, níbi tí mo ti ń bomi fún màlúù. Ọkùnrin tó mú un wá ní kí n fọwọ́ sí i. Mo nu ọwọ́ mi lára aṣọ, mo fọwọ́ sí i, mo sì ní kó jókòó kó mu wàrà kíkan díẹ̀. Ó ní òun ń kánjú. Ìyẹn dùn mí ju ìwé náà lọ, nítorí ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti rí ojú èèyàn gbẹ̀yìn.

Tidimalo ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Wame ni gbogbo Shoshong ń pè mí. Wame nìkan la bí. Gaborone ló wà, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Sunday tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tó bá rántí.

Nílẹ̀ tiwa, ọkùnrin ló ń gbé gàá, obìnrin a máa gbé abúlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ditiro lọ, tí darandaran wa náà darúgbó tó padà sílé rẹ̀, ta ni yóò tan ẹ̀rọ omi? Ta ni yóò lé ìkookò? Mo ti ilẹ̀kùn ilé mi lábúlé, mo kó ìkòkò méjì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo lọ. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ìyá Wame ti di ọkùnrin o." Mo ní kí wọ́n máa wí. Wọn ò mọ bó ṣe rí kéèyàn máa ro ọkà bàbà ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi kò mọ ìwọ̀n ẹnì kan. Ti ẹni mẹ́ta ni mo máa ń rò ṣáá, màá jẹ tèmi, màá wá jókòó máa wo ìyókù títí yóò fi tutù. Màlúù nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá wọn jà, mo máa ń bẹ̀ wọ́n, mo máa ń ròyìn abúlé fún wọn. Ẹ má rò pé orí mi ti yí. Ẹni tó bá dá wà bí mo ṣe dá wà, kó wá bú mi.

Màlúù mọ́kànlélógún ló wà nínú ọgbà. Ìwé Ditiro ní kí kóòtù tú ìgbéyàwó wa ká, kí wọ́n ta ilé abúlé kí a pín in, kí wọ́n sì pín màlúù sí méjì. Ilé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á dé ibi màlúù, mo jókòó sínú iyanrìn.

Nítorí màlúù ìyá mi ni. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ kú, àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n kó gbogbo nǹkan fún, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ìyá mi yarí. Ó ní ẹgbọrọ abo màlúù kan báyìí, aláwọ̀ eérú, ti òun ni, òun ló rà á, Tidimalo ni yóò gbà á. Mo fa ẹgbọrọ yẹn wá sí gàá ọkọ mi lọ́dún kejì ìgbéyàwó wa. Òun ló bí ìyá àwọn tí mo ń wí yìí, àwọn náà bí, àwọn ọmọ wọn náà bí. Nígbà tí ọ̀dá ńlá wá, àwọn màlúù olówó gọbọi tí èmi àti Ditiro jọ rà ní Ghanzi ń ṣubú bí ewé. Ìran màlúù ìyá mi ń jẹ ẹ̀gún, wọ́n ń dúró.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nílẹ̀ tiwa, àmì irin ló ni màlúù. Wàá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọn yóò kọ àmì rẹ sínú ìwé, ìwọ yóò wá rọ irin náà, wàá fi jó ara ẹran rẹ. Màlúù tí kò ní àmì, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni. Mo sọ fún Ditiro nígbà náà pé mo fẹ́ lọ gba àmì tèmi.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Wame, ṣé alábàágbé lásán ni wá ni? Ọgbà kan, àmì méjì? Kí làwọn èèyàn yóò máa sọ?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?"

"Wọ́n á ní o ti ń di ẹrù rẹ sílẹ̀."

Ojú tì mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Irin Ditiro ni wọ́n fi jó ọmọ màlúù mi àkọ́kọ́. Èmi gan-an ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Lọ́yà tí ìjọba yàn fún mi, Kelebonye lorúkọ rẹ̀, kò dàgbà ju Wame lọ. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Mahalapye, ó ṣàlàyé fún mi pé lọ́jọ́ tí a fẹ́ra wa, a ti fọwọ́ sí i pé ohun tí oníkálukú bá ní ṣáájú, tàbí tó bá jogún, tirẹ̀ ni. Èyí tí a bá jọ kó jọ nìkan ni kóòtù yóò pín.

"Nítorí náà, Ìyá, àmì ta ló wà lára wọn?"

"Ti Ditiro."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. "Háà, Ìyá! Kí ló ṣe yín?"

"Ìfẹ́ ni. Ṣé wọn kì í kọ́ yín níyẹn ní yunifásítì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Kànga tí wọ́n ti ń mumi ńkọ́? Ti ta ni?"

"Bàbá Ditiro ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tó kú, ó fi sílẹ̀ fún un."

"Ẹ̀yin ò ná nǹkan kan sí i?"

Mo ní ẹ̀rọ tó ń fa omi náà àti gbogbo páìpù rẹ̀, èmi ni mo rà wọ́n. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Shoshong. Inú ihò yẹn ni èrè rẹ̀ wà.

Ojú Kelebonye tàn. "A ó béèrè ìpín nínú kànga náà nìyẹn!"

"Rárá."

"Ìyá, kí ló dé?"

"Gbọ́, ọmọ mi. Tí mo bá sọ pé kànga bàbá rẹ̀ di tèmi nítorí pé mo ra ẹ̀rọ sí i, kí lòun yóò sọ nípa màlúù ìyá mi? Òun ló ń ra abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Òun ló ni irin tó wà lára wọn. Yóò ní òun náà ti fọwọ́ kàn án."

"Méjèèjì kò jọra. Adájọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀."

"Ìwọ lo mọ adájọ́, èmi ni mo mọ Ditiro. Mi ò fẹ́ ohun tí bàbá ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀. Kí ó má fọwọ́ kan ti ìyá mi ni mo fẹ́."

Ó mú bíírò rẹ̀ padà. "Ìyá, màlúù kì í mu ìwé ìdájọ́ o."

"Kọ ọ́ bí mo ṣe wí."

Agídí! Tí wọ́n bá ń tà á, màá ti là.

Francistown la ti lọ ṣẹjọ́. Ditiro wọ súùtù dúdú, ó ti sanra. Ó kí mi, "Ìyá Wame, ṣé dáadáa ni?" Mo ní dáadáa ni. Ó ní, "Òjò ńkọ́ lọ́hùn-ún?" Mo ní kò tíì rọ̀. Bí ẹni tó pàdé lọ́nà oko ni a ṣe ń kíra wa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òjò nìkan ló kù tí a lè jọ sọ.

Lọ́yà rẹ̀ kò pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé àmì sókè. "Olúwa mi, màlúù mọ́kànlélógún, àmì kan ṣoṣo. Òfin mọ àmì, kò mọ ìtàn. Ọkọ àti ìyàwó jọ sin màlúù wọ̀nyí ni, kí a pín wọn sí méjì."

Adájọ́ náà, obìnrin ni, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ ní ti ìyá yín ni wọ́n. Àmì kò sí. Ìwé kò sí. Báwo lẹ ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn?"

"Báwo lẹ̀yin náà ṣe mọ ọmọ yín, Olúwa mi?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Èmi ni mo bí i, Ìyá."

"Èmi ni mo gbẹ̀bí wọn."

Ó ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu àparò ló ń pa àparò. Mo dìde, mo gbé àyà jáde, mo ní, "Ohun tí òbí bá fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọkọ kò ní in, aya kò ní in. Ẹni tí wọ́n fi fún ló ni ín. Bí ẹlòmíì bá tiẹ̀ fi ogún ọdún tọ́jú rẹ̀, bó bá ná gbogbo ohun tó ní sórí rẹ̀, inúure ló ṣe, kò sọ ọ́ di tirẹ̀."

Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Inú mi dùn pé ó ń kọ ọ́. Nígbà tí mo jókòó, mo rí Kelebonye, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí.

Adájọ́ pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ kóòtù kan lọ sí gàá lọ wo màlúù. Ọ̀gbẹ́ni Tshekiso ló wá, àgbàlagbà tí òun náà ní màlúù ní Serowe. Ditiro bá a wá pẹ̀lú bàtà ìgboro, iyanrìn ń wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ro ọkà bàbà ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ó sì ṣe rẹ́gí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kí n sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ ni, inú mi dùn pé àwọn èèyàn wà nínú ọgbà mi.

Ọ̀gbẹ́ni Tshekiso ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá Wame, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ wá sí kóòtù. Ẹ bẹ̀rẹ̀. Abo pupa yẹn, ta ni ìyá rẹ̀?"

Ditiro wo abo pupa náà. Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ti pọ̀ jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti wá síbí."

"Adíkálà yẹn ńkọ́?"

"Ṣé mo gbọ́dọ̀ mọ ìyá gbogbo màlúù ni?"

"Ọkùnrin ni yín, Bàbá," ni Tshekiso sọ, kò sì fi ariwo sọ ọ́. Ditiro gbọn iyanrìn kúrò ní bàtà rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ọkùnrin ti gbọ́dọ̀ mọ màlúù rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn le ju ìgbátí lọ.

Ó wá kan èmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí abo arúgbó tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi. Mo ní eléyìí ni ọmọ kẹta ti aláwọ̀ eérú ìyá mi, ọdún tí iléèwé jóná la bí i. Adíkálà ni ọmọ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ jáde, alẹ́ kan àti ọ̀sán kan la fi fà á. Abo pupa yìí ni ọmọ Adíkálà. Oníwo-kan yìí, àbúrò rẹ̀ ni, ara igi ló ti ṣẹ́ ìwo yẹn. Mo ń sọ, Tshekiso ń kọ. Nígbà tí mo dé ibi akọ ńlá kan tó sanra jù wọ́n lọ, tí Ditiro ń wò láti àárọ̀, mo dákẹ́.

"Èyí ńkọ́?" ni Tshekiso bi mí.

Mo lè parọ́. Ta ni yóò mọ̀? Ditiro gan-an kò mọ̀. Mo ní, "Èyí kì í ṣe tèmi. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ rà ní Ghanzi. Òun àti àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àjọni ni wọ́n."

Tshekiso gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó gba mẹ́tàdínlógún yòókù gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Oṣù tó tẹ̀ lé e, adájọ́ ka ìdájọ́. Ìgbéyàwó ti tú. Ilé abúlé, àjọni ni, kí n máa gbé inú rẹ̀, kí n fi ìpín tèmi nínú àwọn màlúù Ghanzi dí apá kan ìpín Ditiro. Màlúù mẹ́tàdínlógún, ogún ìyá mi ni, Ditiro kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Mo di ọwọ́ Kelebonye mú. Omijé ti dé ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú tèmi, kò fún mi lọ́wọ́ padà.

Adájọ́ ṣí ojú ewé kejì. Ó ní ti kànga àti ilẹ̀ gàá tó yí i ká, bàbá Ditiro ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Ìyàwó kò béèrè ìpín. Ìyàwó fúnra rẹ̀ tilẹ̀ sọ níwájú kóòtù pé bí ẹlòmíì bá fi ogún ọdún tọ́jú ogún ẹni, kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ mi jáde bí mo ṣe sọ ọ́, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ó ní kí n kó màlúù mi kúrò níbẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Mo borí. Gbogbo ará Shoshong ló ń kí mi kú oríire.

Ìbátan mi kan, Baruti, ní kànga ní apá Dibete, ìrìn ọjọ́ méjì. Ó ní kí n kó wọn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi òun kò pọ̀. Èmi àti òun dà wọ́n lọ. Wọ́n mumi níbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ karùn-ún, mo jí, ọgbà ṣófo.

Fóònù dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ditiro ni. "Ìyá Wame, àwọn màlúù rẹ wà níbí."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n dúró síbi páìpù, wọ́n ń ké."

"O ti fún wọn lómi?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo fún wọn."

Mo lọ kó wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún padà. Màlúù kò mọ ìdájọ́, omi tó bí i lọ́mọ ló mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, abo arúgbó yẹn ṣubú sójú ọ̀nà, kò dìde mọ́, àwọn olè sì mú ọmọ màlúù kan lọ. Baruti ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Omi mi kò lè gbà wọ́n, ẹ sì ń pa wọ́n sójú ọ̀nà." Mo pe àbúrò mi. Ó ní gàá òun ti kún. Mo pe Wame. Ó ní, "Màmá, ẹ tà wọ́n, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi." Mo ní ṣé yàrá wà nílé rẹ̀. Ó ní a ó wá nǹkan ṣe sí i.

Mo lọ bá Ditiro ní gàá, níbi tí màlúù mi tún ti padà sí. Òun gan-an ló wà níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́. Obìnrin Palapye kò fẹ́ iyanrìn, Ditiro wá dá wà. Ó gbé àga fún mi. A mu tíì.

Mo ní, "Bàbá Wame, fún mi ní omi."

Kò fi mí ṣẹ̀sín, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìbá sàn kó fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Ṣé o rántí ohun tí o sọ ní Francistown?"

"Mo rántí."

"Òótọ́ lo sọ. Bàbá mi ló ni ín. Mi ò lè fún ọ. Ṣùgbọ́n o lè fi wọ́n fún mi sìn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Èmi ni màá máa fún wọn lómi, wàrà yóò jẹ́ tèmi, a ó máa pín àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí."

"Àmì ta ló máa wà lára àwọn ọmọ náà?"

"Irin kan ló wà níbí, Ìyá Wame."

Mo mu tíì mi tán. Mo wò ó pé tí mo bá kọ̀, wọn yóò kú sójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun kò sì ní jẹ̀bi. Tí mo bá gbà, wọn yóò wà láàyè, ìran màlúù ìyá mi yóò sì máa di ti Ditiro díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Mo ní, "Èmi ńkọ́? Ta ni yóò máa gbẹ̀bí wọn?"

"O lè máa wá wò wọ́n," ló wí. "Ọ̀nà kò dí."

Mo ní mo gbà. Ó na ọwọ́, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó lọ tan ẹ̀rọ tí mo rà. Omi tú jáde. Gbogbo wọn sáré wá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, wọ́n ń ti ara wọn. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà títí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé mi lọ fi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ó dìgbà o." Wọ́n ń mumi. Kò sí èyí tó gbé orí sókè nínú wọn.